Píìṣì Garland

Hollis Tidmore kò kàwé, ṣùgbọ́n tó bá di ká já èso kéékèèké dà nù lórí igi píìṣì, kò sí ẹni tó tó o ní Alabama wa níbí. Ogójì ọdún ló fi ṣe é nínú oko olóko. Bí igi píìṣì bá so igba, tí a kò já púpọ̀ nínú rẹ̀ dà nù nígbà tó ṣì kéré, gbogbo rẹ̀ á kéré, ẹ̀ka á sì ya. Àwọn aláàánú kì í lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá oko a máa sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Ẹ wo Hollis. Ọwọ́ yẹn ò láàánú." Inú rẹ̀ a sì dùn.

Bó ṣe ń ṣe igi náà ló ṣe ọmọ. Méjì ló bí. Nígbà tí Verlene pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó yọ ọ́ níléèwé, ó fi í síbi tí wọ́n ti ń di píìṣì sínú páálí, kí Garland àbúrò rẹ̀ lè kàwé dójú àmì. Ojú èmi aládùúgbò wọn ló ṣe. Ó ní, "Igi kan ò lè bọ́ méjì. Ìwọ ni mo já." Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí dòní.

Garland di lọ́yà ní Atlanta. Nígbà tí Hollis darúgbó, ta ló ń wẹ̀ ẹ́? Verlene ni. Ilé páànù tiwọn àti tèmi kángun síra. Nítorí pé bàbá náà kò lè lọ sóko mọ́, Verlene ra igi píìṣì ràrá kan fún un, irú èyí tí kì í ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó gbìn ín sínú ààbọ̀ àgbá lórí pákó iwájú ilé. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń bomi rin ín, torí iyẹ̀pẹ̀ inú àgbá kì í pẹ́ gbẹ.

Ó wí fún mi pé, "Àǹtí Odessa, ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ já fún mi. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò fún mi ní nǹkan kan rí."

Lọ́dún kejì, igi náà so wọ̀ǹtì-wọnti. Hollis fi àga jókòó tì í, ó já a títí ó fi ku mẹ́wàá. Nígbà tó pọ́n, Verlene nawọ́ sí i.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀. Ti Garland ni."

"Mẹ́wàá ni, Bàbá. Ẹyọ kan ńkọ́?"

"Ta ló ní kó o bá a pín in? Ó ń bọ̀ ní Sátidé."

Garland kò wá. Ó fóònù pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Verlene tún béèrè, bàbá rẹ̀ ní ó sàn kó jẹrà. Ó sì jẹrà lóòótọ́. Agbọ́n bò ó, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Verlene sì ń gbá a.

Nígbà òtútù yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Hollis dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú débi pé nígbà tí igi náà rúwé, àwọ̀ ewé rẹ̀ nìkan ló ń rí lójú fèrèsé, kò rí èso. Nígbà tí àkókò àtijá èso kéékèèké dà nù tó, ó rán Verlene. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí pákó iwájú ilé nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè láti ojú fèrèsé.

"Ṣé o já a dáadáa?"

"Mo já a, Bàbá."

"Mélòó ló kù?"

Verlene wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo èso náà ló wà nílẹ̀, kò ku ẹyọ kan lórí igi.

"Ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n èyí tó dáa jù ni. Ti Garland."

Hollis rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ ti wá jọ tèmi," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yìn ín láyé rẹ̀ nìyẹn.

Lójoojúmọ́ ló ń béèrè. Verlene a nu ẹnu rẹ̀, a ní, "Ó ti ń pọ́n, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ kan ti pupa." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì panu mọ́, kò sì dùn mí.

Nígbà tó di oṣù keje, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ní kí Verlene já èso náà wá, kí òun fọwọ́ kàn án kí Garland tó dé. Verlene jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, kò dìde.

"Kò tíì tó já, Bàbá. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i."

Ó ní sùúrù. Lọ́jọ́ kẹta ló kú, ó kọjú sí fèrèsé.