Okùn Tí Mọ́mì Fi Wọ̀n Wá

"Dúró jẹ́ẹ́," ni Màmá Télọ̀ wí, ó sì fi abẹ tú ẹ̀gbẹ́ gáùn tuntun náà lára àbúrò mi. Mo ń gbọ́ bí òwú ṣe ń já lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ apá Ìbùkún tí ó nà sókè. Awakọ̀ tó gbé gáùn náà wá láti abúlé kò tíì pẹ́ tí ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Aṣọ náà ṣì ń rùn èéfín igi, òórùn ibi tí Mọ́mì àti Dádì ti ń wàásù, Ìbùkún sì ti fi ipá wọ̀ ọ́ títí ó fi há sí èjìká rẹ̀. Kò lọ sísàlẹ̀ mọ́, kò sì ṣeé bọ́.

"Kì í ṣe tèmi," ni Ìbùkún ń wí pẹ̀lú ẹkún. "Ọmọ mìíràn ni Mọ́mì rán an fún."

"Tìrẹ ni. Aṣọ tuntun máa ń súnkì bó bá pẹ́ nínú àpò. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Ìbùkún gbà á gbọ́, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Èmi Dúpẹ́ ti pé ọdún mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wo ojú Màmá Télọ̀, òun náà wo tèmi, ó sì fi ìka kan ètè rẹ̀, pé kí n pa ẹnu mi mọ́.

Inú àgboolé kan ní Sabon Gari, ní Zaria, ni à ń gbé. Ajíhìnrere ni àwọn òbí mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì gba yàrá méjì fún wa níbẹ̀. Abúlé tí wọ́n rán wọn lọ jìnnà kọjá ibi tí ọ̀dà títì parí sí. Ilé ìwé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìgbà tó bá wu tíṣà ló ń yọjú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi èmi àti Ìbùkún sílẹ̀ ní Zaria kí á lè kàwé, tí àwọn á sì máa wá bá wa bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Ẹni tí wọ́n fi wá sí lọ́wọ́ ni ìyá àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, aránṣọ, opó, ọmọ Ìlọrin, Mùsùlùmí tó ti lọ sí Mẹ́kà. Màmá Télọ̀ ni gbogbo àgboolé ń pè é.

Àwọn kan bi í ní mọ́ṣáláṣí pé kí ló dé tó fi ń tọ́ ọmọ àwọn tó ń kiri wàásù Jésù fún àwọn Hausa. "Haba," ni èsì rẹ̀, "iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣé àwọn ọmọ ò níí jẹun ni?" Láàárọ̀ Sunday, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ wa, tó máa ya irun wa títí omi á fi bọ́ lójú wa, tó máa tì wá síta pé ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọrin. Bí a bá dé, á bi mí ní ohun tí pásítọ̀ sọ. Bí n kò bá lè sọ ọ́, ẹran mi á kéré lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni a máa ń gbọ́ ọ tó ń da omi àlùwàlá láti inú kẹ́tùrù rẹ̀, lẹ́yìn náà ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Yàrá rẹ̀ máa ń rùn epo ẹ̀rọ, èédú, àti tùràrí. Híjáàbù àwọn ọmọ ilé kéwú ló ń rán jù, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù, tí ó tò jọ bí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lábẹ́ wọn ni àpótí irin kan wà. Bí àwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, á ṣí i, á gbé aṣọ funfun kan jáde, á sá a sí oòrùn, á tún un ká. Ó ti sọ fún wa láìfi bò pé Mẹ́kà ni òun ti rà á, pé aṣọ náà ni wọn yóò fi sin òun, pé omi mímọ́ ibẹ̀ ni òun fi fọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kì í fi téèpù wọ̀n wá. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ abọ́, á kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé wa lẹ́yìn, láti ọrùn dé ìbàdí. "Ẹ tún ti ga," á wí, bí ẹni pé ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́.

Okùn ni Mọ́mì fi ń wọ̀n wá ní tirẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ lọ sí abúlé, ó nà wá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú funfun wọ̀n wá láti orí èjìká sísàlẹ̀, ó sì ta kókó sí ibi ìbàdí àti sí ibi orúnkún. Ó ká okùn tèmi àti ti Ìbùkún sínú Bíbélì rẹ̀, ó kó wọn lọ. Kò ní ẹ̀rọ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń rán gáùn wa nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, ó ń tẹ́ okùn náà lé aṣọ, ó ń gé e. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, á fi í rán awakọ̀ sí wa.

Ṣùgbọ́n okùn náà kò ga, àwa ń ga. Gbogbo gáùn tó bá dé ni Màmá Télọ̀ ń tú, tó ń fi aṣọ kún lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń já etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí Mọ́mì bá wá wò wá, á yí Ìbùkún po lójú Dádì.

"Ẹ wò ó, ó bá a mu rẹ́gí. Mo mọ ìwọ̀n àwọn ọmọ mi."

Dádì á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Màmá Télọ̀ á tẹ orí ba sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ sì ti ń bá wa mu, Mọ́mì kò rí ìdí tí òun yóò fi tún wa wọ̀n.

Inú máa ń bí mi. Mo fẹ́ kí Mọ́mì mọ̀, nítorí mo gbà pé bó bá mọ̀, kò níí padà lọ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ wọn ti lọ tán, mo bi Màmá Télọ̀ léèrè ìdí tí kì í fi í sọ fún un.

"To, kí n sọ kí ni? Kí ó máa sunkún lọ lójú ọ̀nà? Dúpẹ́, ohun tó fi ń mọ́kàn le níbẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ ó ní in."

Ìgbà tí ooru máa ń mú jù ní Zaria, tí ọdún Àjíǹde ti kù díẹ̀, ni Ìbùkún ti ilé ìwé dé tó ní ọrùn ń dun òun. Màmá Télọ̀ fi aṣọ tútù lé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn náà ti le gbagidi, ìmọ́lẹ̀ sì ń dun ojú rẹ̀. Àìsàn kan wà tí gbogbo ìyá ní Zaria ń bẹ̀rù lákòókò ooru, sankarau ni àwọn Hausa ń pè é. Màmá Télọ̀ kò dárúkọ rẹ̀. Ó pọn Ìbùkún, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù.

"Ina uwarta?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè, pé ìyá ọmọ dà.

"Ni ce," ni Màmá Télọ̀ dáhùn. Èmi ni.

Ó pe fóònù Dádì títí, kò lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abúlé náà àfi bí wọ́n bá gun orí àpáta, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday nìkan ni wọ́n sì ń gùn ún. Ló bá rán àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ní ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀, pé kó gbé alùpùpù lọ pè wọ́n. Àwọn dókítà gún Ìbùkún lábẹ́rẹ́, wọ́n so omi mọ́ ọn. Ó ń pe Mọ́mì, Màmá Télọ̀ sì ń jẹ́ ẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dákẹ́ ìpè, nígbà tó ṣe, ó kú.

A gbé e wá sílé. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Ìyá rẹ̀ á rí i," ni Màmá Télọ̀ wí. Ọ̀sán ti pọ́n kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé. Mọ́mì gbé àpò kan dání, kò gbé e sílẹ̀ bó ṣe wólẹ̀ ti Ìbùkún. Gáùn funfun ló wà nínú rẹ̀, gáùn ọdún Àjíǹde.

"Èyí ni kó wọ̀," ni ó ń wí. "Mo ti rán an tán. Èyí ni kó wọ̀."

Màmá Télọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n bá ọ lọ̀ ọ́." Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó tẹ́ gáùn náà sílẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì mi orí. Ó wo òkìtì híjáàbù rẹ̀, búlúù àti ewé, kò sí funfun kankan níbẹ̀. Ló bá fa àpótí irin náà jáde.

"Màmá, tiyín nìyẹn," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Bá mi di etí rẹ̀ mú."

Ó gé igun rẹ̀ kan. Ẹ̀rọ náà sáré díẹ̀, ó dúró, ó tún sáré. N kò rí i kí ó sunkún títí di ìgbà tó fi eyín já òwú náà.

Mọ́mì ló wọ gáùn náà fún Ìbùkún. Ó wọ̀ ọ́ lára wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ó bá a mu," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún Dádì. Nígbà tó ń tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, ìka rẹ̀ dúró sójú kan. Ìránṣọ ẹ̀rọ ni ọwọ́ rẹ̀ bà níbẹ̀, òun kò sì ní ẹ̀rọ. Ó yí etí aṣọ náà síta, ó wò ó, ó dá a padà. Wọ́n gbé pósí jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó gbogbo gáùn wa jáde láti inú àpótí, ó ń yí inú wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí wọn kò fi aṣọ kún. Lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Télọ̀.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti èyí àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe ọ́. Ká ní mo sọ, ìyá Dúpẹ́, ṣé wàá dúró?"

Mọ́mì rò ó pẹ́. "Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Dádì nìkan ló padà sí abúlé. Mọ́mì mú okùn tèmi jáde nínú Bíbélì, ó nà án lé mi lára. Kókó tó yẹ kó kan orúnkún mi, àárín itan ló mọ. Ó ká okùn náà padà, kò tún ta òmíràn, kò sì tún fi mí sílẹ̀ lọ síbì kankan. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, n kò mọ ohun tí n ó fi ṣe é. Bí ebi bá pa mí, ẹnu ọ̀nà Màmá Télọ̀ ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbà lọ, Mọ́mì á sì dúró ti ìkòkò tirẹ̀, á máa wò mí. Ó pẹ́ gan-an kí á tó mọ ara wa.

Mo ti wà ní yunifásítì ní Samaru nígbà tí Màmá Télọ̀ kú. Èmi àti Mọ́mì jókòó sí ìta pẹ̀lú àwọn obìnrin àgboolé. A gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin láti inú ilé, pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi sin ín kò pé, ẹnì kan ti gé igun rẹ̀. Mọ́mì yíjú sí mi. Ọjọ́ náà ni mo tó sọ ibi tí igun náà wà fún un.

Kò sunkún. Ó dìde, ó wọ bàtà, mo sì tẹ̀ lé e dé ọjà. Oníṣòwò náà na aṣọ funfun lé tábìlì, ó bèèrè pé yáàdì mélòó.

"Mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀," ni Mọ́mì wí. "Ẹ gé e kó pọ̀ jù ú lọ. Mi ò fẹ́ kó kéré."

Mo ti ní ọmọbìnrin kan báyìí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mò ń ṣe, tí wọ́n fi ń dènà sankarau àti àwọn àrùn mìíràn, ó sì máa ń gbé mi lọ sùn ní àwọn abúlé tí fóònù kì í lọ. N kò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ti wá yé mi pé Mọ́mì kò lè fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá dé, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọ náà lẹ́yìn, láti ọrùn dé ìbàdí. Ó rò pé mò ń kí òun ni.