Èènì Tí Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ Dá Padà

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó dá èènì padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ títí wọ́n fi bà á jẹ́. Àwọn kan ní táyà méjì ni. Àwọn mìíràn ní ńṣe ló yí táyà lu ẹni tó tà á fún un. Irọ́ ni méjèèjì. Táyà mẹ́rin ni, kò sì yí ìkankan lu ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì tó ra jíìpù tuntun, ó wà á padà sí ilé ìtajà, ó dúró níwájú tábìlì ọ̀gá tó tà á fún un, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá náà kò gbọ́ lẹ́nu oníbàárà rí.

"Ọ̀gá, èènì tó o ṣe fún mi pọ̀ jù. Gbà á padà."

Ọ̀gá Táì ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí ọrùn rẹ̀ lófo rí. Ó wo Bàbá, ó wá wo àkọ́bí Bàbá, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó tẹ̀ lé e wá. Àkọ́bí ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe èènì. Odindi ọ̀sán kan lẹ fi bẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Mo tún ní ọ̀sán kan lónìí tí mo lè fi bẹ̀ ọ́ kó o yọ ọ́."

Ká tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Káfíńtà ni. Bó bá gbé pákó kan sára èkejì, á di ojú kan, á wò ó, á ní, "Ó kù díẹ̀." Á fá a, á tún wò ó. "Ó kù díẹ̀." Bó ṣe ń ṣe sí pákó ló ń ṣe sí ọlọ́jà. Bí ẹni tó ń tajà bá já owó wálẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, Bàbá á mi orí bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn, á ní ó kù díẹ̀. Dókítà kan ní kó wá gba abẹ́rẹ́ márùn-ún. Bàbá ní méjì. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò sí mẹ́ta. Nígbà tí dókítà gún ẹ̀kẹta tán, Bàbá béèrè èènì, ó sì gba ẹ̀kẹrin.

Kì í lo téèpù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí á fi ọ̀bẹ fín níbi tí ìwọ̀n bá dé, tí á sì gbé kọ́ sára ògiri. "Èèyàn lè ṣi nọ́ńbà kà," ni yóò wí. "Igi kì í ṣi ara rẹ̀ kà."

Jíìpù àkọ́kọ́ tí ìdílé náà ní jẹ́ aláwọ̀ eérú, ọdún méjìlá ló sì fi sìn wọ́n. Ọmọ mẹ́rin ló gbé títí wọ́n fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, pákó ni Bàbá fi ń rọ́pò rẹ̀: ìgbọ́wọ́lé, ìdìmú ilẹ̀kùn, pẹpẹ tó wà nínú bùútù. Àkọ́bí máa ń sọ pé bí wọ́n bá yọ irin kúrò lára ọkọ̀ náà, ìyókù á tó ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ga. Kò sẹ́ni tó ka gíga yẹn sí, àfi ìgbà tí orúnkún ìyàwó Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, ó sì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní òdìkejì ìlú, tí àìsàn kò jẹ́ kó lè jáde nílé mọ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Aránṣọ máa ń lọ bá a jókòó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé inú ọkọ̀. Ọmọ kan dì í mú níbàdí, ọmọ kejì fà á lápá, ará ilé kejì náà sì wá fi èjìká tì í látẹ̀yìn, ó ń kọrin bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ fi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí fóònù ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá ń kíra. Takisí kò wúlò, torí pé ó lè wọ inú ọkọ̀ kékeré, kò kàn lè dìde kúrò nínú rẹ̀ ni. Bàbá kan àpótí ìtẹ̀sẹ̀ kan fún un, ó fá a títí ó fi ń dán.

"Kí n máa gun àpótí níwájú àdúgbò," ni Ìyá Aránṣọ wí, "bí ẹni tó fẹ́ sọ àsọyé?"

Àpótí náà di ibi tí ológbò ń sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àkọ́bí bá bàbá rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń tún igi ìdìmú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn ló ń wò. Àtẹ̀gùn yìí kò dọ́gba, torí pé òun ló kàn án nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ìyá gun èyí tó kúrú láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tó dé èyí tó ga, ó di igi mú, ó sì mí kanlẹ̀. Bàbá fín igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ìwọ̀n èyí tó kúrú.

"Bàbá, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ." Ó ti ọ̀bẹ bọ àpò. "Gbọ́ o. Èmi àti ìwọ á lọ ra jíìpù mìíràn. Ọ̀rọ̀ orúnkún ìyá rẹ kò gbọdọ̀ dé etí ẹni tó fẹ́ tà á. Mi ò ní gbé ìyàwó mi sórí àtẹ nítorí pé mo fẹ́ ra nǹkan."

Bí Bàbá ṣe gbé igi wọ ilé ìtajà nìyẹn. Jíìpù mọ́kànlá ló kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ṣí ilẹ̀kùn ìkankan. Á kàn fi igi ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á di ojú kan, á sì kọjá.

"Bàbá, èyí ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára gan-an," Ọ̀gá Táì wí.

"Ó ga."

"Àga èyí máa ń gbóná, ó sì tún máa ń tutù."

"Kó mú ọ̀kan. Ó ga."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kó ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Kó má ga."

Ọ̀gá Táì mú un lọ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé èyí tó wọ́n jù sí, jíìpù dúdú kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá pa á, á rọra rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. Bàbá wò ó bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n kọ́ ọ nílé," ló sọ fún ọkọ̀ náà. Ó fi igi tì í, ó di ojú kan. Àkọ́bí ń retí gbólóhùn tó ti ń gbọ́ láti kékeré. Kò gbọ́ ọ.

"Ó tó," ni Bàbá wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ná an, torí pé owó rẹ̀ pọ̀, jíìpù aláwọ̀ eérú náà sì ni ilé ìtajà máa gbà mọ́ owó náà. Mẹkáníìkì ilé ìtajà wa ògbólógbòó náà yípo, ó wá fi ẹ̀sùn kàn án.

"Ọkọ̀ yìí ń pariwo."

"Ìwọ náà ń pariwo," ni Bàbá dá a lóhùn, "wọ́n sì gbà ọ́ síṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí ọkọ̀ àtijọ́ tó, Bàbá yọ sikirudiráfà lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbọ́wọ́lé, ìdìmú àti pẹpẹ. Ọ̀gá Táì sáré jáde.

"Bàbá, ọkọ̀ tí ẹ tà fún wa lẹ ń tú yẹn!"

"Ọkọ̀ ni mo tà. Mi ò ta pákó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ohun gbogbo parí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gá Táì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Bàbá kò gbà á.

"Èènì ńkọ́?"

"Bàbá, wọn kì í ṣe èènì lórí jíìpù."

"Wọ́n ń ṣe é lórí abẹ́rẹ́."

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ kí Ọ̀gá Táì tó juwọ́ sílẹ̀. Táyà ńlá mẹ́rin kan wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, tó ń dán bíi bàtà ọ̀gá àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ó ní kí wọ́n fi rọ́pò táyà jíìpù náà. Ìṣẹ́gun pa Bàbá bí ọtí. Igi ìwọ̀n wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò rántí fi ti ọkọ̀ náà mọ́. Ó ń súfèé délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, àdúgbò jáde. Ìyá Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti aṣọ tó rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó pa ọkọ̀, ọkọ̀ sì rọra rẹlẹ̀. Ìyá gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró lófuurufú, ìka mẹ́ta péré ló kù. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ó kàn fẹ́ wo bàtà rẹ̀.

"Ó rẹwà gan-an, Bàbá wọn. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ máa gbé e lọ, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó padà wọlé. Bàbá fi igi ti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó wo táyà ńlá tó gbé ọkọ̀ sókè, ó wo igi. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń nájà, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí èrè máa di àdánù fún un.

Ìyẹn ló gbé e padà síwájú Ọ̀gá Táì ní wákàtí kan lẹ́yìn náà.

"Ṣé táyà náà ń jò ni?"

"Kò jò."

"Ṣé ó ń pariwo?"

"Kò pariwo."

"Kí ló wá ṣe é, Bàbá?"

Àwọn oníbàárà ti ń kóra jọ. Mẹkáníìkì tó ń pariwo náà ti dé. Àkọ́bí la ẹnu láti ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ó dára jù fún irú mi," ni Bàbá wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ògiri mú. Ó dúró sáàárín wọn, igi lọ́wọ́, ó jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Ọ̀gá Táì ní ìṣòro wà: táyà kékeré tó wà lára jíìpù náà tẹ́lẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ mìíràn, ẹni tó ni ín sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò rèé, ibẹ̀ gan-an ló sì ṣe pàtàkì. Bàbá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì.

"Èló ni kí n san lé e?"

Ẹ̀rín dá. Àkọ́bí wá àga jókòó. Ọ̀gá Táì, tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó lọ pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó jókòó. Kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Ará ilé kejì, tó ti ń ká apá aṣọ láti wá tì í, padà sílé.

"Bàbá wọn, kí lẹ tún ń wò?" ni Ìyá wí. "A ti pẹ́."

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi lọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bàbá tẹ́ pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé jíìpù sí, ó ní kí ẹrẹ̀ má bàa ba bàtà jẹ́. Lọ́dọọdún ló ń tú pákó náà, tó ń tẹ́ òmíràn. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́.

"Irú ikán wo ló wà nínú ilé yìí?" ni Ìyá á béèrè.

"Ikán burúkú ni. Ó ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ náà." Á kó irinṣẹ́, á lọ tẹ́ pákó síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá Aránṣọ sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ pé láti ìgbà tí jíìpù yẹn ti dé, orúnkún òun ń yá sí i.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, lórí ibùsùn tó kàn fúnra rẹ̀. Ọ̀gá Táì wà lára àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Lẹ́yìn tó jókòó díẹ̀, ó rọra bi Àkọ́bí.

"Ẹ má bínú o. Kí ni Bàbá ń fi igi yẹn wọ̀n gan-an?"

Àkọ́bí mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ igi náà lára ògiri. Ó rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá òun fín in. Ojú fínfín mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìka kan rẹlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ó sọ fún Ọ̀gá Táì pé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá òun lè gùn dé ni Bàbá ń wọ̀n lọ́dọọdún. Pákó àtijọ́ tí Bàbá ń tú ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tò jọ sí kọ̀rọ̀, èyí tó dé kẹ́yìn nípọn ju èyí tó ṣáájú. Kò sí ojú ikán kan lára ìkankan wọn.

Lórí tábìlì iṣẹ́, pákó tuntun kan wà tí Bàbá ti fá, tó ti gé, tó sì nípọn ju gbogbo wọn lọ. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí i: *Ikán, ọdún tó ń bọ̀.*

Àwọn méjèèjì gbé e jáde. Àkọ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ìṣó kejì nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, torí pé Sátidé ni.

"Kí lẹ ń kàn?"

"Ikán ni, Mà."

Ìyá Aránṣọ wo pákó náà. "Rọra máa gbá a. Ti bàbá rẹ kì í dún tó bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́."

Ó gun orí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó di ojú kan, ó sì mi orí bí ẹni tó ń bá ọlọ́jà kẹ́dùn.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Ọ̀gá Táì tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi nu ojú.

Ìyá Aránṣọ kò dúró dè wọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó jókòó.

"Àkọ́bí, máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí wa."