Ẹ̀rọ Ara Ògiri Ilé Bàbá Afínjú

Bàbá Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹni tó máa nu ṣíbí kó tó fọ̀ ọ́, tó tún máa nù ún lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́ tán, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n pè é? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe òun ló ń rán an o, maṣíìnì ló ń tọ́jú. Èyí tó bá dákẹ́, òun ni wọ́n máa ké sí. Èyí tó bá ń já òwú, òun náà ni. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn obìnrin aránṣọ sunkún gidi, kì í ṣe torí ìfẹ́ nìkan, torí pé wọn ò mọ ẹni tó máa bá wọn tún maṣíìnì ṣe mọ́ ni.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, obìnrin ni, olùkọ́ ni. Ọkọ ọmọ náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó délé. Ọmọ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nígbà tí òtútù mú débi pé omi ń dì sára fèrèsé. Ara ọmọ tuntun náà le, àmọ́ ó kéré díẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti sọ pé ilé tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá Afínjú náà ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọmọ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ Bàbá òun lòun ń lọ fún oṣù méjì àkọ́kọ́.

Ẹ wo ayọ̀ tó wọ ilé ọkùnrin tó ti ń dá jẹun láti ọdún mẹ́rin. Ó sì mọ ohun táwọn èèyàn máa ń sọ, pé ilé ọkùnrin, ilé eruku. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi fọ ilé. Ó fọ ògiri, ó fọ abẹ́ àga, ó fọ orí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò lè rí àfi tó bá gun àkàbà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń bọ̀, ó ṣí iyàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà, ó nu ìyẹn náà tinú tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti tíì. Kò tíì mu ún dé ìdajì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ó wo ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́mósítáàtì, funfun, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Òun ló máa ń sọ fún ẹ̀rọ amúlégbóná pé ilé ti tutù, dìde, tàbí pé ó ti tó, lọ sinmi. Nọ́ńbà tó ń fi bí ilé ṣe gbóná tó hàn kì í kúrò lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ yìí, ojú rẹ̀ ṣófo. Bàbá tẹ bọ́tìnnì òkè, ó tẹ tìsàlẹ̀, ó fi ìka kàn án lórí bí ẹni tó ń jí akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn ní kíláàsì. Pàbó ló já sí.

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Aago mẹ́ta ni ọsibítù máa tú ìyá àtọmọ sílẹ̀.

Ó pe ilé iṣẹ́ tó ń tún irú ẹ̀ ṣe. Ohùn obìnrin tó gbé fóònù dùn bí oyin.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Gbogbo ìlú ló ń pè wá. Ọjọ́bọ̀ la máa lè dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀, ọmọ mi? Aago mẹ́ta òní ni ọmọ tuntun ń wọlé mi."

"Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ọjọ́bọ̀ náà ni."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ wọlé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Mo-Mọ̀-Ọ́n. Kò sí ohun tí Mo-Mọ̀-Ọ́n kò mọ̀ láyé yìí, àfi ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ó wo ẹ̀rọ ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti kú," ó ní.

"O ò tíì sún mọ́ ọn."

"Ta ló ń sún mọ́ òkú? Tèmi náà kú báyìí. Bátìrì ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú, lẹ́yìn náà ọpọlọ ẹ̀ á tẹ̀ lé e."

Bàbá Afínjú rọra yọ ojú ẹ̀rọ náà kúrò. Wáyà tín-ín-rín méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Kò sí bátìrì, kò tiẹ̀ sí àyè bátìrì.

"Ṣó o rí i?" Mo-Mọ̀-Ọ́n wí. "Wọn ò fi bátìrì sí i. Ìyẹn ló pa á."

"Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ láìní bátìrì?"

"Ìyẹn ló ṣe kú."

Mo-Mọ̀-Ọ́n ní òun ń lọ ilé lọ wá nǹkan tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì jáde. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ kú ilé."

"Ọmọ mi. Báwo lara? Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Bàbá, nọ́ọ̀sì ló dúró tì mí yìí. Ó ní kí n bi yín léèrè, ṣé ilé gbóná?"

Ẹnu Bàbá Afínjú ti ń yọ èéfín òtútù nínú ilé ara rẹ̀. Irọ́ kan wà lórí ahọ́n rẹ̀, kékeré, ó sì dùn: ó gbóná. Gbólóhùn kan ni. Kó tó di aago mẹ́ta, ta ló mọ̀, ó lè ti gbóná lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó purọ́. Àmọ́ ara ọmọ ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí.

"Kò gbóná, ọmọ mi," ó ní. "Ẹ̀rọ dákẹ́ láàárọ̀ yìí. Mò ń wò ó lọ́wọ́."

"Bàbá, ìyá ọkọ mi wà níbí. Wọ́n gbé mọ́tò wá. Wọ́n ní bí ibẹ̀ bá ṣì tutù, ká máa bá àwọn lọ. Kì í ṣe ìjà o, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìjà."

"Màá tún pè yín láago méjì."

Ó dùn ún dọ́kàn. Ẹ má jẹ́ ká fi bò, ọkùnrin náà jókòó sórí ibùsùn tó tẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Inú bí i sí ẹ̀rọ, ó bí i sí obìnrin olóhùn oyin, ó bí i sí ara rẹ̀ tó ti darúgbó. Ó tiẹ̀ dìde pé òun máa gbá ẹ̀rọ ara ògiri yẹn létí. Ṣùgbọ́n òkò àbínújù kì í pẹyẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ti lé ọ̀pọ̀ aránṣọ jìnnà sí maṣíìnì torí irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, má bú maṣíìnì, tọ òwú lẹ́yìn. Láti ibi tí òwú ti kúrò lórí róòlù ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ títí dé ẹnu abẹ́rẹ́. Ibi tó bá ti há, wàá débẹ̀.

Ó dáa. Kí ni òwú tibí? Wáyà ni. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, inú wáyà ló ti ń jẹun. A jẹ́ pé kò kú, ebi ló ń pa á. Bàbá lọ wo àpótí iná níwájú ilé, gbogbo bọ́tìnnì ibẹ̀ wà lókè bó ṣe yẹ. Ó tọ wáyà lẹ́yìn gba ara ògiri, ó bá a wọ iyàrá kótópó. Gílóòbù ibẹ̀ tàn, ìyẹn ni pé iná dé ibẹ̀. Wáyà wọnú ẹ̀rọ amúlégbóná. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn lára ẹ̀rọ náà ti kú. Iná dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

Bàbá Afínjú kúnlẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn irin ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, torí pé ó ti ń dọ́gbọ́n fi pa mọ́ fún ara ẹ̀. Ìlẹ̀kùn irin yẹn máa ń gbọ̀n tí fáànù inú ẹ̀rọ bá ń yí, ó sì máa ń pariwo. Kó má bàa jí ọmọ lójú oorun, Bàbá gé aṣọ tó nípọn, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fọwọ́ rán an lójú rírán wínníwínní, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí etí ìlẹ̀kùn ká. Nígbà tó ṣe é tán láàárọ̀, ó dúró wò ó títí, orí rẹ̀ wú.

Àwọn maṣíìnì ńlá ilé iṣẹ́ ní ìbòrí irin bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbòrí gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì yẹn dáadáa kí maṣíìnì tó gbà láti ṣiṣẹ́, kó má bàa gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oṣooṣù ni aránṣọ tuntun kan máa ń figbe ta pé "Ọ̀gá, maṣíìnì mi kú o," òun á rìn wá, á fi orúnkún ti ìbòrí, gbàm, maṣíìnì á gbéra, gbogbo wọn á sì fi ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ amúlégbóná. Bọ́tìnnì náà rèé, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Aṣọ rẹ̀ tó nípọn ni kò jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kàn án, àyè tó wà láàárín wọn ò tó èékánná.

"Àṣejù," ó sọ fún ara rẹ̀, "baba àṣetẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó fa aṣọ náà ya kúrò, ó dùn ún díẹ̀ o, torí ojú rírán yẹn dára. Ó ti ìlẹ̀kùn padà, ó fi orúnkún kàn án. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ńbà ti padà sójú ẹ̀rọ ara ògiri: mọ́kànlá. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ sí méjìlélógún. Fáànù gbéra, ìlẹ̀kùn irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì sí orin tó dùn tó o létí rẹ̀.

Mo-Mọ̀-Ọ́n padà dé, ó gbé fáànù orí tábìlì lọ́wọ́.

"Òtútù ló ń pa mí, fáànù lo gbé wá?"

"Mo ti rò ó," Mo-Mọ̀-Ọ́n wí. Ó tẹ́tí. "Ó ti ń ṣiṣẹ́? Kí ló ṣe é?"

"Ìlẹ̀kùn ẹ̀ ni kò pa dé."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

Láago méjì, nọ́ńbà di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ rẹ̀ pè.

"Mo ti rí ohun tó ṣe é," Bàbá sọ. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà báyìí, ó ń gòkè. Mi ò lè búra pé á ti tó tó bá fi máa di aago mẹ́ta."

"Ó dáa, Bàbá," ọmọ wí, ó sì pa fóònù.

Ó dáa wo nìyẹn? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ? Bàbá ò lè jókòó. Ó ń ti fèrèsé lọ sí ara ògiri, ó ń ti ara ògiri lọ sí fèrèsé. Aago mẹ́ta lù, nọ́ńbà di méjìdínlógún. Aago mẹ́ta ààbọ̀, mọ́tò ìyá ọkọ dúró lójú títì, Bàbá sì rò pé wọ́n kàn yà kí òun lójú ọ̀nà ni.

Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó wo nọ́ńbà: ogún. Ó tẹ́tí sí ìlẹ̀kùn irin.

"Ilé ti ń gbóná o," ó ní. "Ariwo wo nìyí, Bàbá? Kò ní jí ọmọ?"

Ibẹ̀ ni Bàbá Afínjú ti jẹ́wọ́, lójú ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ọmọ wọlé. Ó sọ gbogbo ẹ̀, aṣọ, gọ́ọ̀mù, bọ́tìnnì. "Èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́," ó ní. Ojú tì í. Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín débi pé ó wá àga jókòó. Ọmọ tuntun ò mira.

Ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Bàbá rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ ti sọ pé kò gbóná, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Mo sọ fún Màmá ọkọ mi nínú mọ́tò. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ẹ lè má rí wa. Ẹ sì sọ ọ́. Èmi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí kò ní parọ́ fún mi nípa ọmọ yìí ni mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Òótọ́ ló sọ," ìyá ọkọ wí. "Èmi á máa wá wò yín."

Ọmọ gbé ọmọ tuntun lé Bàbá lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá lọ, oorun sì gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ márùn-ún. Bàbá Afínjú dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi nù ún.