Sàréè Orí Òkè Lẹ́yìn Dabou

Silifatou kì í ṣe ẹni tó máa ń bẹ ènìyàn. Treichville, àdúgbò tó wà létí èbúté, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tí ó kó jáde nílé ọkọ tí Moufoutaou ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í fún, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, odidi ọdún márùn-ún, Moufoutaou, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Keje soixante-sept, ìyẹn ọdún 1967, wọ́n rán iṣẹ́ kan sí wọn láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú Dabou. Àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ fẹ́ fi katakata tú òkè tí wọ́n sin Taïrou, bàbá Silifatou àti Moufoutaou, sí. Kí àwọn ọmọ wá fi sàréè hàn kí ọjọ́ Ajé tó pé, kí wọ́n lè yà á sílẹ̀. Taïrou máa ń ru aṣọ kiri tà ní àwọn abúlé yẹn. Ibẹ̀ ni ibà ti pa á ní quarante-six, ìyẹn ọdún 1946, nígbà tí Silifatou ṣì wà lọ́mọdé. Omi ti gba gbogbo ìsàlẹ̀, òkè nìkan ni wọ́n ń sìnkú sí.

Silifatou lọ dúró lẹ́nu géètì èbúté títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ ni mo bá wá. Bàbá ni.”

Moufoutaou gbọ́ ọ tán. “Samedi, aago márùn-ún ìdájí. Má jẹ́ kí n dúró dè ọ́.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n wọ taxi-brousse, ọkọ̀ akérò tó ń ná àwọn abúlé, lọ síbẹ̀. Célestin, ọkùnrin kan láti abúlé náà tó ń dá ẹmu, ló ṣáájú wọn wọnú irà. Òjò ti rọ̀ fún oṣù méjì. Omi dúdú dúró láàárín àwọn igi ògùrọ̀, koríko tútù sì bo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni.

“Orí gbòǹgbò ni kí ẹ máa tẹ̀,” Célestin fi Faransé sọ. “Ibi tó bá tutù yọ̀yọ̀, ẹ má dé ibẹ̀.”

Silifatou bọ́ bàtà, ó ká ìró dé orúnkún. “Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà rọ́bà yẹn á fa omi.”

“Ìwọ ni o máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn?”

Wọ́n rìn títí oòrùn fi mú. Moufoutaou sanra, ó ti ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó sì fẹ́ gba ọ̀nà tó yá. Ó gbé ẹsẹ̀ lé koríko kan lápá òsì. Ilẹ̀ gbé e mì dé itan. Ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ yọ, ó tún rì dé ìbàdí.

“Célestin!” Silifatou figbe ta. Célestin ti jìnnà níwájú.

“Má wá síbí!” ni Moufoutaou ń sọ. Ojú rẹ̀ ti yí padà. “Sílífà, má wá!”

“Ẹ má jà mọ́! Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn!”

Silifatou tú ìró rẹ̀, ó ku tòbí nìkan nídìí rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lórí gbòǹgbò, ó ju etí ìró sí i. Moufoutaou gbá a mú. Ìró náà ya díẹ̀. Ẹrẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà! Ẹ fi í sílẹ̀ fún irà!”

Célestin sáré dé, ó gé imọ̀ ògùrọ̀, ó tẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì fà á, wọ́n sinmi, wọ́n tún fà á, títí ó fi jáde láìwọ bàtà.

Òkè náà kò ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Lórí rẹ̀, òkìtì mẹ́rin wà nínú igbó, kò sí àmì lórí ọ̀kankan. Célestin mi orí: ọmọdé lòun nígbà yẹn, òun kò mọ̀. Silifatou fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n Moufoutaou lọ tààrà síbi òkìtì kẹta, ó kúnlẹ̀.

“Ibí ni.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Èmi ni mo gbẹ́ ẹ.”

Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé wọ́n ti sin Bàbá kí Moufoutaou tó débẹ̀. Moufoutaou kò wo ojú rẹ̀. “Wọ́n ní kí n wá gbé e wálé. Bọ́ọ̀lù wà ní Treichville, mo dúró ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tí mo dé gan-an ló kú. Mo purọ́ fún Ìyá.”

Silifatou tẹjú mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí ló ń dá a lẹ́jọ́ láti ọdún márùn-ún!

“Ṣé Bàbá sọ nǹkan kan?”

“Ó béèrè ẹ. Ó ní ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ.”

Silifatou kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko tu lórí sàréè.

“Ẹnu yín ni Ìyá á ti gbọ́ ọ,” ló sọ. “Èmi ò ní bá yín sọ ọ́.”

Wọ́n to òkúta yí sàréè náà ká. Ní ọjọ́ Ajé katakata dé, ó sì yà á sílẹ̀. Moufoutaou jẹ́wọ́ fún Ìyá lọ́sẹ̀ kejì. Arúgbó náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi sàréè náà. Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, tí irà gbẹ, ni àwọn ọmọ méjèèjì dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n rọra gbé e gun òkè.