Àpótí Tí Àwọn Ìjòyè Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé ṣe ń sọ ènìyàn di òmùgọ̀, kó wá bi mí. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwọn ènìyàn ń tò fún mílíìkì. Èmi ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ ní ààfin àtijọ́ kan ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọba tuntun ti kọ́ ààfin alájà méjì sí òdìkejì títì, wọ́n wá sọ ti àtijọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Táì kì í kúrò lọ́rùn mi, òógùn kì í sì í kúrò lábẹ́ táì.

Èmi ni mò ń mú àlejò káàkiri, èmi náà ni mò ń kọ káàdì sára ẹrù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá mọ̀, mo kọ ọ́. Èyí tí n kò mọ̀, mo kọ tirẹ̀ gùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Ní yàrá kan lẹ́yìn, mo rí àpótí ìjókòó onígi kan. Ó kúrú, ó dúdú, ilà méje sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ kò yẹ kí n bi àwọn àgbà léèrè? Èmi wo, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi! Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi láṣọ, mo tún so táì mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ pé orí àpótí yìí ni àwọn ọba ń jókòó sí kí wọ́n tó dé adé, pé ètùtù ló sọ ọ́ di dúdú, pé ogun méje tí wọ́n ṣẹ́ ni ilà méje yẹn. Mo gbé e sórí pèpéle, mo ta okùn pupa yí i ká. Kò pẹ́ tí àwọn ìjòyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà dọ̀bálẹ̀ fún un. Inú mi dùn dé góńgó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tẹ ọ̀pá wọlé, ó ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lòun ti wá. N kò bi í pé ta ni. Mo fi ibi tí àwọn olorì ń sùn hàn án, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn fún un. Ó kàn ń mi orí, ó ní, ẹ̀n-ẹ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe? Nígbà tí a dé ìdí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, ó jókòó lé e.

Mo pariwo. Mo ní èèwọ̀ ni, mo ní wọ́n máa lé mi níṣẹ́. Ìyá ò mira. Ó ní olorì ọba tó wàjà lòun, ìyá òun ló fún òun ní àpótí náà nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ. Orí rẹ̀ lòun ti fi ọgbọ̀n ọdún rin ewùrà tí òun fi ń se ìkọ́kọrẹ́ fún Kábíyèsí. Èéfín ló sọ ọ́ di dúdú, páànù ìrin-ewùrà ló fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kì í yọjú sí ilé ìdáná olorì, ta ni ìbá dá a mọ̀? Ó wá gbé e lọ ni, kí òun tún lè jókòó lórí ohun tí ìyá òun fún òun, kí òun tó kú.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún bà mí. Àpótí ti wọ ìwé ìjọba, wọn kò sì tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Mo ní kó kọ̀wé sí ìjọba ní Abẹ́òkúta. Ó bi mí bóyá òun kọ̀wé sí Abẹ́òkúta kí òun tó gbé e wọ ààfin. Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn, mo tọrọ àforíjì, mo sì gbé àpótí náà kí n bá a gbé e jáde.

Àfi bí ìjòyè méjì ṣe wọlé. Wọ́n rí àpótí lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́kọ́ ní kí ìyá àgbà yà fún wọn, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá sí yàrá kejì, èjìká ìyá ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Ó ní kí n gbé àpótí padà sáyè rẹ̀. Mo ní ó kéré tán, kí n fa káàdì irọ́ yẹn ya. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Má fà á ya. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún àwọn ìjòyè nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ. Jẹ́ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀.”

Ó padà sí Ìmùṣin lọ́wọ́ òfo, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.