Àmì Pupa Iwájú Orúkọ Aránṣọ

Tí ẹ bá pàdé Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá lọ́nà, ẹ yáa tètè kí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó rí! Òun ló ń bẹ àwọn abiyamọ wò nílé fún ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò. Ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu ẹ̀. Òun àti Nọ́ọ̀sì ló jọ ń pín in ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹntiróò lẹ máa ń bù sẹ́sẹ̀ ni?” Nọ́ọ̀sì á bi í.

“Ìwọ jókòó síbẹ̀, kí ìdí ẹ ta gbòǹgbò.”

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru abiyamọ nílé á fi bírò pupa fa àmì síwájú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán ni Ọ̀gá, agbẹ̀bí àgbà, máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ahọ́n Ọ̀gá sì mú ju abẹ lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́, èkejì á bá a fa àmì sílẹ̀, á yọ́ sọ fún un, ẹni tó niṣẹ́ á sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Wọn ò kà á sí irọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Aránṣọ ló kàn. Ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó lọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ náà, èrò bí eéṣú! Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá yọjú nígbà tí aago méjì ku díẹ̀, ó rí àyè òfìfo níwájú orúkọ Aránṣọ, ó fa àmì, ó tún já síta. Igbe ọmọ ò jẹ́ kó ráyè sọ nǹkan kan. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì rí àmì náà, inú rẹ̀ dùn: “Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, wọ́n ti bá mi lọ!”

Bí ẹnikẹ́ni ò ṣe lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ Aránṣọ wọlé, ọmọ lápá. Gìrì ti mú ìyàwó rẹ̀ ní ìdájí. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ó ti dákẹ́.

“Orí ló ń fọ́ ọ látàná. Ó ní ká má yọ yín lẹ́nu, pé ẹ ń bọ̀. Ẹ ò wá.”

Ọ̀gá ṣí ìwé. “Wọ́n wá o, bàbá ìkókó. Àmì rèé. Bóyá ẹ ò sí nílé.”

Ọkùnrin náà wo àmì pupa náà títí. “Mo jáde lọ ra oògùn orí fífọ́ lóòótọ́… Kò pẹ́ rárá. Àbí ìgbà yẹn ni? Kí ló dé tí ìyàwó mi ò sọ fún mi?”

Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ó ti yé àwọn méjèèjì. Lábẹ́ tábìlì, Nọ́ọ̀sì tẹ ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá mọ́lẹ̀: ẹ dákẹ́. Tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tó bá dákẹ́, ọkùnrin yìí ni yóò gbé ẹ̀bi ìjáde yẹn dé sàréè.

“Kò sẹ́ni tó wá, bàbá ìkókó,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Èmi ni mo fa àmì yẹn. A ò dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ọkùnrin náà ò pariwo. “Ṣé kì í ṣe torí pé mo jáde?”

“Kì í ṣe torí ẹ̀.”

Ó mi orí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wá bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ gba ọmọ. Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá dúró níwájú wọn, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ tirẹ̀ sí.