Ẹ Kú Ìjókòó, Ìyá Onídòdò

Agbada tí mò ń dín dòdò nínú rẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ wò ó dáadáa. Etí rẹ̀ kan ti já, wáyà ni a fi so ó. Ẹfúnkẹ́ ló ni ín, ìyálé mi, opó Rùfáì tí í ṣe àbúrò bàbá ọkọ mi. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo Ìkirè ló ń pè é ní Ìyá Onídòdò. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi fi "wọ́n" pe àgbà. Ọdún márùn-ún gbáko ni mi ò fi pè é ní nǹkan kan rárá. Ọ̀wọ̀ tí mi ò bù fún un lójú ayé, kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe báyìí?

Kò bímọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Nílé wa, obìnrin tó bá bímọ ló lórúkọ: Ìyá Gàrúbà, Ìyá Nùrúdíìnì. Ẹni tí kò bá bí, ohun tó ń tà ni wọ́n máa fi ń pè é. Ọmọ Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ló mú un wá síbí nígbà tó ń dá oko kòkó lọ́nà Wásinmi. Ọkọ kú, oko bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹbí ọkọ, ó wá ku òun àti agbada. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíràn máa dà fún ewúrẹ́, ni yóò rà lọ́pọ̀. Yóò pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, yóò dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, yóò wá dì í sínú ewé. Àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ kì í kọjá láìrà á.

Ohun tó dùn mọ́ obìnrin yẹn jù láyé ni kí wọ́n kí i. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orí àpótí ni yóò wà níwájú ilé, kò sì ní sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní kí i. Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Ẹ kú ìdáná. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú ooru. Yóò gbójú kúrò lórí epo, yóò dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ẹni. Bí o bá fi ìkánjú kí i, yóò pè ọ́ padà pé kí o tún un kí dáadáa, yóò sì fi dòdò kan ta ọ́ lọ́rẹ. Ojú mi báyìí ló ṣe, tí ọkọ̀ dúró, tí èrò ń na owó sí i, tó fi wọ́n sílẹ̀ kó lè dá ọmọ kékeré kan tó ru omi lóhùn. Owó wà níbẹ̀, ó ń bi ọmọ léèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe jí. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

Fọláwùmí lorúkọ mi. Àpòmù ni wọ́n ti gbé mi wá fún Jímọ́ọ̀, ọkọ mi. Lọ́dún 1958 ni mo bí àkọ́bí mi, ọkùnrin. Ẹfúnkẹ́ ò sí nílé, ó ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Ọmọ ku ọ̀la ká sọ ọ́ lórúkọ, ni mo bá jí ní ìdájí, mo sì rí i pé ó ti tutù. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti gbé e lọ sin. A kì í pariwo ikú ọmọ ọwọ́ nílé wa, wọ́n ní kí n má sunkún sókè. Àwọn obìnrin ilé ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mò ń gbọ́ wọn. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, omi ọmú ń kán sára aṣọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹfúnkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wọ yàrá mi tòun ti ẹrù lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fa ọ̀já aláró tuntun kan yọ lábẹ́ apá, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi.

"Fọláwùmí, o kú ọwọ́ lómi o," ó wí. "Ọkọ mi dà? Gbé e fún mi kí n pọ̀n ọ́n."

Ó wo orí ẹní, ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá mo pọ̀n ọ́n ni. Ìgbà tó wá wo ojú mi, ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, ó ń sọ pé òun ò mọ̀, òun ò mọ̀. Mo ju ọ̀já náà lù ú, mo sì ní kó jáde.

Inú bí mi débi pé mi ò ríran. Lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, mo ní wọ́n ti sọ fún un ní ìdíkọ̀, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ wá fi mí ṣẹ̀sín ni, àgàn tó fẹ́ kí èmi náà dà bíi tòun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́ni kankan. Ẹnu mi ni mo ti mú un. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti di òótọ́ ní agbo ilé, kódà àwọn kan ti ń sọ orúkọ awakọ̀ tó sọ ọ́ fún un. Sàláwù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí í ṣe olórí ilé, ní àgbà ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní mo gbọ́, a ò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́. Wọ́n ní ìyẹn ò le jù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì pé oṣù kan tí Nàfísátù fi jẹ́wọ́ fún mi. Nàfísátù ni ìyàwó Sàláwù, àwa méjèèjì la jọ ń pọn omi. Ní ìdí kànga, ó ní òun lòun jókòó síta tí òun ń bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà. Ẹfúnkẹ́ bi òun bóyá Fọláwùmí ti bí, òun sì dáhùn pé ó ti bí, ọkùnrin ni. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ tó kù yẹn fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé lórí ìdúró. Ó yẹ kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó jókòó, kó mu omi ná. Òun yíjú láti bu omi fún un ni, kí òun tó bojú wẹ̀yìn, ayọ̀ ti gbé e wọlé. Nàfísátù ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ká lọ tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ilé.

Mo ní, "Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ sí ìdí kànga yìí." A pọn omi wa, a lọ sílé.

Ẹ máa wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kú, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jẹ̀bi rẹ̀. Nàfísátù lọ́kọ, ó bímọ márùn-ún, ó sì lẹ́nu. Ẹfúnkẹ́ ò lẹ́nìkan. Ìyẹn nìkan sì kọ́. Ó ń dùn mọ́ mi ni. Láràárọ̀, tí mo bá ru omi bọ̀, tí mo dé iwájú àpótí rẹ̀, yóò gbójú sókè, yóò ti la ẹnu díẹ̀ láti dáhùn, èmi á sì kọjá. Inú mi á dùn bí ẹni mu omi tútù. Lọ́dún yẹn, mi ò ní ìdùnnú mìíràn láyé mi.

Àwọn ọmọdé gbàgbé, wọ́n kí i, àwọn ìyá wọn gbá wọn létí. Ó wá di pé òun ló kọ́kọ́ ń kí wa. Àgbà tó tó bí mi lọ́mọ yóò kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sí àárín ọ̀nà gan-an, ó ní, "Fọláwùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú àárọ̀." Èmi ọmọ àná ló ń pè ní ẹ̀yin. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, omi korobá mi sì ta sí i léjìká.

Síbẹ̀ ó ṣì ní àwọn èrò ọkọ̀. Àlejò ò mọ ẹjọ́ wa, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, òun náà sì ń jẹun lára rẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ṣì ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Lọ́dún tí a gba òmìnira ni mo bí Sàlámọ̀tù, ọmọbìnrin mi. Gbogbo èèyàn wá kí mi. Ẹfúnkẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó padà lọ. Ẹ̀rù ìkíni yẹn ló ń bà á. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, mo sọ fún Jímọ́ọ̀ pé èéfín dòdò ń mú ọmọ wúkọ́. Jímọ́ọ̀ sọ fún Sàláwù, wọ́n sì gbé ààrò rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, níbi tí ọkọ̀ kankan ò ti lè rí i. Ó ń dín in níbẹ̀, èmi ń fi àtẹ gbé e jáde sí títì. Ọmọ mi ò wúkọ́ rí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ẹ kú ọjà, ìyá. Ẹ kú ìdúró. Ọlọ́run mi, ó dùn! Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo gbà lẹ́nu obìnrin yẹn, mi ò sì dá a padà. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Nàfísátù ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, a gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìdí ààrò. Ó ń sọ pé, ẹ kú ìjókòó o, ìyá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá dáhùn pé, a dúpẹ́ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? A yọjú wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Nàfísátù fi aṣọ bojú. Èmi rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín kó gbọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1963, ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́. Sàláwù wọlé lọ wò ó, ó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní kò béèrè oògùn, kò béèrè oúnjẹ, ó ní kí Fọláwùmí kí òun lẹ́ẹ̀kan péré. Sàláwù ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kí n lọ ṣe é torí Ọlọ́run. Mo lọ.

Orí ẹní ló wà. Ó ti rù kan eegun, ọ̀já aláró yẹn ló ká sábẹ́ orí. Nígbà tó rí mi, ó gbìyànjú láti dìde jókòó, kò lè ṣe é. Ó la ẹnu díẹ̀ bó ṣe máa ń là á níjọ́un, ó ń dúró láti dá mi lóhùn. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ó ti dé ètè mi, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ó ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo ronú pé bí mo bá kí i, gbogbo ọdún márùn-ún yẹn máa wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ibo ni agbada wà?"

Ó wò mí. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó nawọ́ sí igun yàrá. Mo gbé agbada, mo jáde.

Ọjọ́ kẹta ló kú, ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun. Èèyàn kún ilé wa. Wọ́n wá láti Àpòmù, wọ́n wá láti Ìkòyí, àwọn awakọ̀ tó ti ń jẹ dòdò rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Èmi ni mo jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n ń kí mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Mò ń dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́yẹlé, dé láti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Ìyá arúgbó ni òun náà. Wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún un, wọ́n bu omi fún un, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó ń jẹ́ Fọláwùmí, wọ́n sì nawọ́ sí mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìgbà tó wá sọ́dọ̀ wa kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló ń sọ," ó wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ aṣọ ọ̀já yẹn láró. Ẹ̀gbọ́n mi ò bímọ, ẹ̀yin lẹ ṣe ọmọ fún un. Ẹ kú ìtọ́jú o."

Nàfísátù dìde, ó wọlé lọ. Gbogbo ilé ń wò mí.

Mo ní, "A dúpẹ́, mà."